Ní Oṣù Wo? Ìmọ̀ràn Mẹ́sàn-án fún Ọmọ tó Fẹ́ Fi Oòrùn Jẹun

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Owewe, àwọn ọmọ mẹ́ta wá kí mi nílé mi l'Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ àbúrò mi, àwọn méjì yòókù jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Ọmọ àbúrò mi wá gbé páálí pupa kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó sì na fóònù sí mi. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan.”

Àfonífojì kan ni mo rí, nítòsí ìlú Fresno ní Kalifóníà, l'Amẹ́ríkà. Ọgbà àjàrà lọ títí, ojú ò tó òpin rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gé àjàrà ní ṣíìrì-ṣíìrì, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí bébà láàárín ebè, sórí ilẹ̀ gbalasa. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó hunjọ, ó dúdú, ó di èso wẹ́wẹ́ dídùn tí àwọn oníkéèkì wa ń rà, irú èyí tó wà nínú páálí ọwọ́ mi. Ọmọ náà ní, “Màmá, ṣé oòrùn tiwa ni kò mú ni? Ilẹ̀ bàbá wa wà l'Ọ̀dẹ́dá. A fẹ́ gbin àjàrà, ká máa sá a, ká máa tà á fún àwọn oníkéèkì Èkó.”

N kò rẹ́rìn-ín. Mo kàn bi wọ́n pé, “Ní oṣù wo?”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọdún 31 ṣe, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kí n tó di olùkọ́, ọmọ oníláfún ni mí; orí àpáta ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ohun tí mo bá àwọn ọmọ náà sọ títí òjò fi dá nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé kì í ṣe àwọn nìkan ló ń wo oko olóko nínú fóònù.

1. Ẹ bèèrè oṣù kí ẹ tó bèèrè owó.

Oòrùn kò wọ́n wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọjọ́ olóòrùn tó tẹ̀léra wọn láìsí òjò láàárín ló wọ́n wa. Òjò tí ń rọ̀ ní Fresno lọ́dún kan gbáko kò ju nǹkan bíi mìlímítà 280 lọ, ìgbà òtútù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀. Tiwa l'Abẹ́òkúta lé ní 1,000 dáadáa. Ìparí oṣù Ògún wọ Owewe ni àwọn ará ibẹ̀ ń gé àjàrà wọn, nígbà tí ojú ọ̀run wọn mọ́ kedere. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, òjò kan ṣoṣo tó bá ṣèèṣì rọ̀ nínú Owewe lè ba gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́, àgbẹ̀ àjàrà kì í sì í sùn dáadáa títí yóò fi ká bébà rẹ̀.

Níbí ńkọ́? Owewe ni òjò wa ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́ tó ṣe nínú oṣù Ògún. Ọ̀wàrà ló tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó ìkìlọ̀. Nínú Bélú, àrọ̀kúrò ṣì lè dé. Ó di Ọ̀pẹ, Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé kí ọyẹ́ tó fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀, tí ètè yóò máa bẹ́, tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ yóò ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán. Àfonífojì gbígbẹ tiwa kò sí lórí máàpù, inú kàlẹ́ńdà ló wà, oṣù mẹ́ta péré sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi oòrùn jẹun nílẹ̀ yìí, ohun tó ń gbìn gbọ́dọ̀ lè dúró de oṣù mẹ́ta náà.

Àjàrà kì í dúró. Bó bá pọ́n, ó pọ́n nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ ń dúró. Bó pé oṣù mẹ́wàá, bó pé ọdún kan, abẹ́ ilẹ̀ ló wà tó ń retí yín. Owó ọkọ́ nìkan lẹ óò san fún un: nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ a máa le, ẹ̀gẹ́ a sì máa kán mọ́lẹ̀ bí ẹ bá fi ìkánjú fà á.

2. Ẹ wo ohun tí ilẹ̀ yín ti ń sá látọjọ́ yìí.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ibí ní 1830, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í kọ́ wọn ni pé òkúta tó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun ló gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ebi. Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ óò rí àpáta pẹrẹsẹ tó funfun báláú, àfi bí ẹni tẹ́ aṣọ àlà lé e. Láfún tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni. Òkúta a máa gba ooru láti àárọ̀, a sì máa tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Oòrùn ń fà á gbẹ lókè, òkúta ń fà á gbẹ nísàlẹ̀.

Ní etí odò Orange ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sá àjàrà, kọnkéré ni àgbẹ̀ ń fi owó dà sílẹ̀ kí ó tó rí ibi sá a sí. Ní Turpan, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ń fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé tí ara rẹ̀ kún fún ihò, wọ́n á gbé àjàrà kọ́ sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa gba àárín rẹ̀ kọjá lábẹ́ ibòòji, ó sì lè lé ní oṣù kan kó tó gbẹ. Àwọn wọ̀nyẹn ń san owó ohun tí Ọlọ́run tẹ́ sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra ohun àjèjì. Àlejò ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Láti Bùràsíìlì ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun, àwọn ènìyàn wa tó ti oko ẹrú padà sì wà lára àwọn tó kọ́ wa ní ọgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àlejò tó gbà láti gbé bí a ṣe ń gbé ni. Ó bá òjò wa mu, ó bá ẹ̀ẹ̀rùn wa mu, ó bá òkúta wa mu, la bá sọ ọ́ di ọmọ onílé. Lónìí, bí ẹ bá ṣe àbẹ̀wò sí Ẹ̀gbá tí wọn ò fi láfún ṣe yín lálejò, ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n bínú sí yín.

3. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń lé jáde.

Omi ni. Kìlógíráàmù 4 àjàrà tútù, tàbí kó lé díẹ̀, ló ń di kìlógíráàmù 1 gbígbẹ. Ẹ̀gẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà: 4 sí 5 tútù kí láfún 1 tó jáde. Ohun tí ń mú oúnjẹ bu, ohun abẹ̀mí ni, ó sì ń wá omi mu bíi tiwa. Bí ẹ bá gba omi lẹ́nu rẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà fún ohun gbogbo. Àjàrà gbígbẹ ṣì lè ní omi 15 nínú 100 lára, kó rọ̀ lẹ́nu, kó má sì bàjẹ́, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ di omi náà mú débi pé ohun tí ń mú nǹkan bu kò rí i mu. Láfún kò ní irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Òté tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fi lélẹ̀ fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni 13 nínú 100. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, inú àpò ni yóò ti bu. Nítorí náà, ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń sá àjàrà nínú fóònù, tó wá fi ojú yẹn sá láfún, yóò kó o kúrò lórí àpáta kó tó gbẹ.

Nǹkan kejì tí ẹ ń lé jáde ni ìdènà. Ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ara àjàrà, òun ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè jáde. Ní Tọ́kì àti Ọsirélíà, wọ́n máa ń ri í bọ omi pọ́táṣì àti òróró kí ìda náà lè tú. Ẹ̀gẹ́ kò ní ìda, májèlé ló ní. Èyí ló fà á tí a fi ń bó o, tí a ń gé e, tí a ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi kan, tí yóò sì rọ̀ mùkẹ̀mukẹ. Ìgbà yẹn la ó yọ okùn àárín rẹ̀, a ó ro omi rẹ̀ dànù, a ó fi ọwọ́ rún un wẹ́wẹ́ kí oòrùn lè rí inú rẹ̀. Kíkan yẹn ló ń lé májèlé lọ, oòrùn sì ń parí iṣẹ́. Ẹni tó bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní nítorí pé oníbàárà ń pè lórí fóònù, májèlé ló kó lọ sá.

4. Ẹ fọ ojú àpáta.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá mi ti ń dé orí òkúta. Ọwọ̀ ọ̀pẹ kan wà tí kì í fi gbá ibòmíràn, inú ilé ló ń gbé e sí bíi pé aṣọ òde ni. Á gbá àpáta náà láti òkè wá sísàlẹ̀, á da omi sí i, á tún un gbá, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu títí omi náà yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àtàǹpàkò ra ojú òkúta náà, á gbé àtàǹpàkò sójú, á wò ó. Bí eruku bá wà níbẹ̀, ó di kí a tún un fọ̀. Èmi, ọmọ ọdún méje, á máa wò ó pé kí ló dé tí ìyá yìí ń fi ìyà jẹ òkúta.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀. Yanrìn kì í hàn nínú láfún. Ó di ìgbà tí ẹni tó rà á bá rò ó tán, tó gbé e síwájú àna rẹ̀ pẹ̀lú ewédú, tí àna wá ki òkèlè bọ ẹnu, tí eyín rẹ̀ dún gẹ̀ẹ́. Ẹni tó rà á kò ní bá yín jà. Kò kàn ní rà á lọ́wọ́ yín mọ́ láéláé, yóò sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe sá a sí ojú títì. Mo mọ̀ pé ọ̀dà títì gbóná, mo mọ̀ pé ó tẹ́jú. Eruku táyà wà níbẹ̀, epo ọkọ̀ wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ń kọjá, ẹ̀mí yín náà sì wà nínú ewu. Bí kò bá sí àpáta nítòsí yín, ẹ ra tápólì tó mọ́ tàbí kí ẹ kan àtẹ onígi tí ẹ óò gbé ga kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń sá láfún, orúkọ ara rẹ̀ ló tẹ́ síta.

5. Ẹ fi eyín dán an wò, ẹ má fi ojú.

Láfún a máa funfun kó tó gbẹ, ojú sì máa ń purọ́ fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ ṣa èyí tó tóbi jù lọ láàárín rẹ̀, ẹ má ṣa kékeré. Ẹ fi eyín iwájú ṣẹ́ ẹ sí méjì. Bó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ. Bó bá dún pàkà, tí inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀yìn, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́ páànù. Dídún rẹ̀ á dà bí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn tó ń sá àjàrà náà ní irú rẹ̀: wọ́n á fún ẹ̀kúnwọ́ kan pọ̀, bí omi bá jáde, ó kù, bí wọ́n bá ṣí ọwọ́ tó sì tú ká fúnra rẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dì í. Láfún gbígbóná tí a dì sínú ọ̀rá, òógùn ni yóò là, òógùn yẹn ni yóò sì bà á jẹ́.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe mọ̀. Nígbà tí owó oṣù olùkọ́ kò tó ilé gbọ́ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi. Oníbàárà kan láti Èkó ní òun fẹ́ àpò mẹ́wàá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mẹ́jọ ló gbẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù ṣì tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ eyín, ọyẹ́ sì ti lọ, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Mo ní kò ní hàn. Mo lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin náà padà dé ọjà Láfẹ́nwá, ó gbé àpò kan ka iwájú mi, ó tú ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Òórùn rẹ̀ sọ ọ́. Láfún ti dì ní kókó-kókó, ó ti ní àwọ̀ bí ewé lára. Owó àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo dá padà, nítorí èmi fúnra mi kò mọ èyí tó dára mọ́ nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta kọjá kí obìnrin náà tó tún dúró nídìí àtẹ mi. Nítorí ọjọ́ méjì tí mi ò lè dúró, mo fi ọdún mẹ́ta dúró.

6. Ẹ má ṣe dá a ṣe.

Láfún sísá kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ta ni yóò lé ewúrẹ́? Ta ni yóò bó èyí tí ẹ óò rẹ lónìí, bí ẹ ṣe ń yí èyí tí ẹ sá lánàá? Nígbà èwe mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i tí òjò ṣú wá láti ìhà odò Ògùn á kígbe, “Òjò o!” Igbe náà á ti orí àpáta kan bọ́ sórí èkejì, kí ẹ̀kán omi kan tó kán, gbogbo àpáta ti di dúdú padà. Ẹni tí kò bá sí nílé, àwọn aládùúgbò á ti kó tirẹ̀ fún un. A kì í san owó rẹ̀. Ọ̀la ni tìrẹ.

Àáró ni. Àáró yìí ni Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà fi bẹ̀rẹ̀, kí àgbẹ̀ máa bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ẹgbẹ́ àáró yẹn ni agbára tó gba Ẹ̀gbá kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ti jáde. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ìyá ọlọ́jà wa ní àwọn ọdún 1940, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kò lè ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin yòókù di ẹgbẹ́ kan ni ìjọba tó gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tó fi máa di 1949, Aláké ìgbà náà ti fi ìlú sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wo páálí pupa tí ẹ gbé wá fún mi yìí. Sun-Maid ni wọ́n kọ sí i. Ẹ rò pé ọlọ́rọ̀ kan ló ni ín. Àwọn àgbẹ̀ àjàrà Kalifóníà ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1912, kí olówó má baà máa dá iye fún wọn. Fóònù yín fi oko wọn hàn yín, kò fi ìpàdé wọn hàn yín.

7. Ẹ lo ẹ̀rọ, ẹ má sin ín.

Ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan gbẹ wà, tó ń fi dísù tàbí gáàsì ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fún oníbúrẹ́dì kò lè ṣe láìsí irú rẹ̀, nítorí pé ìyẹ̀fun yẹn kì í ṣe láfún: a kì í jẹ́ kó kan, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Ọjà gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá owó ra ẹ̀rọ kó tó mọ ọwọ́ láfún, lọ́jọ́ tí owó dísù bá lọ sókè ni ẹ̀rọ yóò sùn, gbèsè kò sì ní sùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ọ̀rá. Ẹ fi igi ṣe òpó, ẹ fi ọ̀rá funfun nípọn bò ó, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ẹ sì fi òmíràn sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó máa jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ti òkè, wọ́n á wá sọ pé ilé náà gbóná ṣùgbọ́n nǹkan inú rẹ̀ ń kan. Ooru nìkan kì í mú nǹkan gbẹ, afẹ́fẹ́ tó ń lọ ló ń gbé omi rù. Nínú irú ilé yìí, ẹ lè sá ilá fún ọ̀rúnlá, ẹ lè sá ata, ẹ lè sá máńgòrò tí ń jẹrà lábẹ́ igi lọ́dọọdún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń rà á. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà lọ́nà Alábàtà níbẹ̀ yẹn, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́. Ẹ lọ bi wọ́n. Ìbéèrè kò gba owó ọkọ̀ púpọ̀.

8. Ẹ kọ owó ọwọ́ yín sílẹ̀.

Àpò láfún kan tó wọn kìlógíráàmù 50 yóò jẹ ẹ̀gẹ́ tútù tó 200 sí 250. Ẹ kọ owó rẹ̀. Ẹ kọ owó ọkọ̀, owó bíbó, owó omi, owó ẹ̀rọ, owó àpò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ owó ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín fi jókòó lórí àpáta. Àwọn ìyá wa kò kọ èyí tó kẹ́yìn yìí rí. Wọ́n rò pé àwọn ń jèrè, agbára ara wọn ni wọ́n ń tà, wọn ò sì gba owó rẹ̀.

Gbogbo ayé ló ń sá láfún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà owó rẹ̀ kì í dára nígbà náà. Nínú Agẹmọ, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá nǹkan, ẹni tí láfún tirẹ̀ gbẹ dénú, tó dì í dáadáa, tó gbé e sórí pákó kúrò lára ilẹ̀ àti ògiri, òun ni ọjà ń wá kiri. Ẹ̀ẹ̀rùn la ń sá, òjò la ń tà. Ẹ rí i báyìí pé gbígbẹ tí mo ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni èrè. Bí ẹ bá sì dé ibi tí ẹ ti fẹ́ dì í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín lára, ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì lo òṣùwọ̀n. Kóńgò tí wọ́n lù nídìí wọnú ti ba ọ̀pọ̀ oníṣòwò jẹ́.

9. Bó bá wù yín, ẹ gbin àjàrà mẹ́ta.

Ẹ má ṣe gbin 3,000, mẹ́ta ni mo wí. Ẹ gbìn ín sí ibi tí òrùlé lè gba òjò fún ewé rẹ̀, nítorí pé ọ̀rinrin wa a máa mú kí ewé àjàrà bu. Nílẹ̀ òtútù, òtútù ló ń mú un sùn, tó fi ń sinmi. Níbi tí kò sí òtútù, gígé ẹ̀ka rẹ̀ àti fífún un lómi ní ìwọ̀n ni àgbẹ̀ fi ń sọ ìgbà fún un. Ẹ kọ́ ọ. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ óò máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí ẹ gé e, ọjọ́ tó rudi, ọjọ́ tó so, oṣù tó pọ́n. Bó bá so, ẹ jẹ ẹ́ tútù, kí ẹ mú díẹ̀ wá fún mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ óò ní ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bi yín, ilẹ̀ yín ló sì máa dá yín lóhùn. Àgbàdo kan péré ni àgbẹ̀ ń kọ́kọ́ bó wò kó tó ká oko.

Òjò dá, wọ́n dìde, wọ́n lọ. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ mi tàbí wọ́n kàn ń dúró de kí òjò dá.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti mú fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ wo àpáta ìyá mi. Ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti sá láfún wọn àkọ́kọ́, kò tó àpò kan. Kò rí mi. Ó tẹ̀ ba, ó wá èyí tó tóbi jù láàárín wọn, ó fi eyín ṣẹ́ ẹ. Ó gbé e sójú, ó wo inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti na àpò sílẹ̀, ó ń dúró.

Ó mi orí. Ó ju ẹ̀là méjèèjì padà sórí òkúta, ó sì fi ọwọ́ tún wọn tẹ́.